Ádápítọ̀ 12V 5A fún iná inú ilé rélùwéè kékeré: ta ló yẹ kó rà á?

Ádápítọ̀ tí wọ́n ń tà fún kámẹ́rà CCTV yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń to rélùwéè HO (rélùwéè àfiṣeré tó kéré sí ti gidi ní ìlọ́po 87) fi ń tan iná inú àwọn ilé kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dára. Tó bá jẹ́ ojúlówó, 12V rẹ̀ kì í yẹ̀, kò dà bí tiransifọ́mà àtijọ́ tó lè yọ sí 16V nígbà tí gílóòbù orí rẹ̀ kò bá pọ̀. Àmọ́ ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó sanwó.

5A ni wọ́n kọ sí i lára. 4A ni kẹ́ ẹ fọkàn sí, torí iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló ń mú un gbóná. Ká ní ilé 40 lẹ ní, gílóòbù méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù grain of wheat (èyí tó kéré bíi hóró àlìkámà) tó ń jẹ 60 mA á di 80 × 0.06 = 4.8A. Ó ti kọjá 4A. Gílóòbù tó ṣì tutù tún máa ń fa iná ní ìlọ́po-ìlọ́po nígbà tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ni ádápítọ̀ á bá tàn, á kú, á tún tàn. Kò bàjẹ́ o, ara rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ẹ pín ilé yẹn sórí ádápítọ̀ méjì.

LED funfun tó ní resistor 1 kΩ (èyí tó ń dín iná tó ń wọ LED kù) kì í jẹ ju 9 mA lọ: (12 − 3.2) ÷ 1000, torí LED fúnra rẹ̀ ń gba 3.2V. 80 irú rẹ̀ kò ju 0.72A. Kí lẹ wá fẹ́ fi 5A ṣe? LED strip (LED tí wọ́n tò sórí ọ̀já) nìkan ló lè tanni jẹ: ègé LED mẹ́ta ti 5050, irú tó tóbi, ń jẹ 60 mA, ti 3528, irú tó kéré, ń jẹ 20 mA.

Agbára rẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀. Bí wáyà méjì bá fara kanra nínú ilé, wáyà LED tó tín-ín-rín bí irun lè ti jó ike kí ádápítọ̀ tó mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ẹ fi fíùsì 1A sí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì lo wáyà 22 AWG (nọ́ńbà ìnípọn wáyà: bó bá ṣe kéré tó ni wáyà ṣe nípọn tó) fún ìlà àkọ́kọ́ tó jáde látara ádápítọ̀: tí 4A bá gbà á dé ibi tó jìn tó mítà márùn-ún, nǹkan bíi 2V ló máa pàdánù, ilé ìkẹyìn á wá máa ṣe bàìbàì. 18 AWG kò ní pàdánù tó 1V.

Ẹni tó ń lo gílóòbù tàbí 5050 ni kó rà á. Ti 2A tó ẹni tó ń lo LED lásán. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wò ó kẹ́ ẹ tó so ó. Àárín ẹnu rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ pọ́sítífù, LED tẹ́ ẹ bá sì so sódì kò ní tàn.