Ibi tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi: ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tí ẹ ń bi mí bóyá kí ẹ gbé èèyàn yín tó ní jẹjẹrẹ lọ síbi tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé e lọ. Wọ́n mọṣẹ́.

Ọyàn òsì ni jẹjẹrẹ ti mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ku ìtànṣán. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tẹ àmì bíńtín sí i lára, wọ́n ní ká máa lọ sílé, pé àwọn á pè wá. A retí ìpè títí. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fà á, ìyẹn ló dùn mí jù.

Nígbà tí mo lọ béèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ físíìsì kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò ìtànṣán, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá wo nǹkan tó wà nílẹ̀." Ó ṣí àwòrán àyà sójú kọ̀ǹpútà, pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé. Lórí pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, dókítà á fa ìlà yí ibi tí ìtànṣán máa bà ká, á tún fà á yí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ká, torí ọyàn òsì ni ọkàn sún mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ físíìsì á wá igun tí ìtànṣán á gbà wọlé tí kò ní pa ọkàn lára. Ẹlòmíì á yẹ ìṣirò náà wò kí aláìsàn tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ. Ètò ti jẹjẹrẹ ọ̀fun tún le ju ti ọyàn lọ, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ojú ọmọ náà pọ́n. Wọn ò pọ̀, fáìlì ló pọ̀.

Sọ́fítíwíà tó ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ ti wà, kí dókítà kàn wá tún un ṣe. Ilé ìwòsàn MD Anderson ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan tìtorí àwọn ibi tí òṣìṣẹ́ ò tó. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó, kí ẹ sì gba èèyàn kún àwọn ọmọ wọ̀nyí.

Ìgbà 15 ni wọ́n fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìtànṣán, kì í ṣe 25 ti àtijọ́. Ìwádìí kan lórí ìtànṣán fún jẹjẹrẹ ọyàn, tí wọ́n ń pè ní START, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi hàn pé kò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ti Ìgbógbó la Mile 12 kọjá lójoojúmọ́ á mọ oore tí wọ́n ṣe wá.

Lọ́jọ́ CT gan-an, ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ètò ìtànṣán náà máa gbà kí wọ́n tó pè yín, kí ẹ sì gba nọ́ńbà ẹni tí ẹ lè pè.