Ẹ̀rọ àdésórí tó ń ka iná ọpọlọ: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí irun wa àti nínú ọyẹ́ wa

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀: ẹ̀rọ yìí kì í ka èrò. Bí ẹ bá ń pe orúkọ ọmọ yín nínú ọkàn, kò sí ibi tí yóò ti gbọ́ ọ. Iná tín-tìn-tín tó ń jáde láti inú ọpọlọ, tó gba egungun agbárí àti awọ orí kọjá, nìkan ló ń wọ̀n. Ẹni tó bá mọ èyí kí ó tó rà á kò ní kábàámọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò dá a padà sínú páálí kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé.

Irú tí mo gbé yẹ̀ wò ní àwọn apá ike tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, sẹ́ńsọ̀ 14 ló sì wà lẹ́nu wọn. Fóòmù kékeré kan bo sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan, omi iyọ̀ la sì ń fi rin ín kí iná ara lè ráyè kọjá. Bluetooth ló fi ń bá áàpù tó wà lórí kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, kí a lè darí kọ̀ǹpútà náà láìfọwọ́ kàn án. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni mo ti lò ó, láti ìgbà òjò wọ inú ọyẹ́, lórí orí fífá, lórí irun gígé àti lórí irun dídì. Mo fi irú méjì mìíràn wé e, èyí tó ní sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo níwájú orí, àti ọ̀já iwájú orí oní-sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin.

Iná tó ń wá kò pọ̀ rárá. Máíkírófóòtì 10 sí 100 ni, máíkírófóòtì kan sì jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù fóòtì (volt), òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára iná. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ní fóòtì kan àtààbọ̀. Ẹ fi wé e. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba ìgbì yìí sílẹ̀ láti orí ènìyàn ní 1924, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1929. Láti ìgbà náà ni ìṣòro kan náà ti wà: ohun gbogbo tó yí ọpọlọ ká ló ń pariwo jù ú lọ, ìyẹn ni pé iná tiwọn lágbára ju tirẹ̀ lọ. Ojú tí a ṣẹ́ ń pariwo jù ú lọ, àgbọ̀n tí a dì náà ń pariwo jù ú lọ, wáyà fáànù tó kọjá lẹ́yìn àga náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fi pọ̀ lórí awọ orí ju inú áàpù lọ. Orí fífá kò ní wàhálà: ẹ fi òwú àti ọtí 70 tí wọ́n ń tà nílé oògùn nu ibi tí sẹ́ńsọ̀ yóò kàn, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ó parí. Ṣùgbọ́n irun wa ká kò. Bí ó bá ti ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó máa ń gbé fóòmù kúrò lára awọ, afẹ́fẹ́ á wà láàárín, sẹ́ńsọ̀ á sì máa tan iná pupa lójú áàpù. Kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kò wúlò, irun á ti i padà, orí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ẹni láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Onídìrí ló ní oògùn èyí. Ní 2020, Arnelle Etienne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé bí a bá di irun kí ìlà rẹ̀ gba ojú ibi tí sẹ́ńsọ̀ yóò jókòó sí, ìfarakàn máa ń dára gan-an. A kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní dídì níbí. Kòlẹ́sẹ̀ ló bá ẹ̀rọ yìí mu jù lọ, nítorí pé láti iwájú lọ sí ìpàkọ́ ni ìlà rẹ̀ ń lọ, bí àwọn sẹ́ńsọ̀ náà ṣe tò. Ẹ sọ fún onídìrí kí ó jẹ́ kí ìlà tó ṣe pàtàkì fẹ̀ tó fóòmù kan, kí ó sì má fa irun náà le. Pàtẹ́wọ́ ṣì ṣeé lò fún ẹ̀gbẹ́ orí, àmọ́ ibi tí dídì méjèèjì ti pàdé láàárín máa ń ga. Ṣùkú kò dára rárá, nítorí pé òkìtì irun tó wà lókè á gbé gbogbo ẹ̀rọ náà dìde. Irun kíkó olówùú ń fi awọ hàn kedere, ṣùgbọ́n àwọn apá ike kò rí ibi gbà láàárín àwọn òpó rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ṣì tó nípọn ń ṣe bíi ti ṣùkú.

Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ onídìrí, ẹ wọn orí. Ètò tí gbogbo ayé ń lò láti mọ ibi tí sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò wà lórí, tí onímọ̀ ọpọlọ Herbert Jasper tẹ̀ jáde ní 1958, ni wọ́n ń pè ní 10-20. Ẹ fi téèpù aránṣọ wọ̀n láti kòtò tó wà lókè imú, láàárín ojú méjèèjì, dé egungun tó yọ ní ìpàkọ́. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 36: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 3.6, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 3.6 lókè egungun ìpàkọ́ ni O1 àti O2 wà, orúkọ tí ètò náà fún ibi sẹ́ńsọ̀ méjì ní ìpàkọ́, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan ní ọ̀tún. Ẹ fi pẹ́ńsùlù tí wọ́n fi ń kun ìpéǹpéjú sàmì síbẹ̀. Bí ìlà méjì péré bá lè fẹ̀ nínú gbogbo orí náà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ àwọn tó kọjá lórí O1 àti O2. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Òrí àti àdí àgbọn ni ọ̀tá kejì. Epo kì í jẹ́ kí omi iyọ̀ kan awọ. Ẹ má fi ohunkóhun pa orí láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá ti fi pa á, ẹ fi òwú olótí nu ìlà kọ̀ọ̀kan títí òwú yóò fi mọ́.

Fún omi iyọ̀, ẹ béèrè sérum physiologique nílé oògùn, ìgò kéékèèké oní-mílílítà 5 tí wọ́n ń fi fọ imú ọmọ. Gíráàmù iyọ̀ 9 nínú lítà omi kan ló jẹ́, iye yẹn gan-an sì ni a fẹ́. Ẹ rin fóòmù kí ó rin dáadáa, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó má máa kán. Omi tó pọ̀ jù burú ju èyí tí kò tó lọ: bí ó bá ṣàn láti ara sẹ́ńsọ̀ kan dé òmíràn, àwọn méjèèjì á máa sọ ohun kan náà, áàpù á sì máa tan iná aláwọ̀ ewé pé ohun gbogbo dára. Bí ẹ bá rí ìlà méjì tó ń fò papọ̀ láìyàtọ̀ rárá, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu awọ tó wà láàárín wọn. Nígbà òjò, omi náà máa ń tó wákàtí kan kí ó tó gbẹ. Nínú ọyẹ́, mi ò tíì rí i kí ó ju ìṣẹ́jú 25 lọ, nítorí náà ẹ gbé ìgò kékeré náà sí ẹ̀gbẹ́ yín kí ẹ máa kán ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan sí i láìṣí ẹ̀rọ kúrò lórí.

Iná ilé wa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ sókè sódò ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn áàpù kan ti wà ní 60 Hz, ti Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí ẹ ti gbé wọn wọlé, èyí tó túmọ̀ sí pé ariwo tí wọ́n ń sẹ́ kúrò kọ́ ni ariwo tó wà nílé yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ notch sí nínú áàpù, ìyẹn àsẹ́ tó ń sẹ́ ariwo iná ilé kúrò, kí ẹ yí i sí 50. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ṣájà lára kọ̀ǹpútà kí bátìrì máa gbé e, ẹ sì jìnnà sí fáànù tó mítà méjì. Yíyọ ṣájà nìkan máa ń sọ ìlà tó nípọn bí okùn di tẹ́ẹ́rẹ́.

Nísinsìnyí, ìdánwò tí mi ò lè fojú fò dá. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ la ojú fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, ẹ pa á dé fún 20, ẹ tún là á. Ẹ máa wo O1 àti O2. Nígbà tí ojú bá wà ní pípadé, ìgbì tó ń lọ sókè sódò bí ìgbà 8 sí 12 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò dìde, yóò sì rẹlẹ̀ bí ojú bá là. Ìgbì tí Berger rí nìyẹn. Bí ó bá jáde, ọpọlọ ni ẹ̀rọ yín ń kà. Bí kò bá jáde, iṣan àti wáyà lẹ ń wò. Àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí ìgbì yìí kéré lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fura sí fóòmù.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti fi darí kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́ ni ojú àti ẹnu: kí ẹ ṣẹ́ ojú lẹ́ẹ̀mejì kí máòsì tẹ̀, kí ẹ di àgbọ̀n kí ojú ìwé yí. Èyí kì í ṣe ọpọlọ, iṣan ni, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kì í sì í sábà ṣàṣìṣe. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ tí ojú rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́, ohun tí mo máa kọ́kọ́ fún un nìyẹn, láìro ti pé àwọn kan ń pè é ní ẹ̀tàn.

Èkejì ni èyí tí ìpolówó fẹ́ràn: kí ẹ ronú pé ẹ ń ti àpótí kan, kí àpótí ojú kọ̀ǹpútà sì máa lọ. Ẹ óò kọ́kọ́ gba ipò ìsinmi sílẹ̀, lẹ́yìn náà ìrònú títì, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan nígbà kọ̀ọ̀kan, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ènìyàn máa ń dì àgbọ̀n tàbí kí ó fa ojú pọ̀ nígbà tó ń ronú. Ẹ̀rọ á kọ́ àgbọ̀n, kò ní kọ́ ọpọlọ, lọ́jọ́ kejì tí ara bá sì rọ̀, kò sí nǹkan tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ètè yín ṣí díẹ̀, kí eyín má kan eyín. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi èkejì kún un. Ìrònú gbígbé ọwọ́ ló sábà ń dára jù, ṣùgbọ́n C3 àti C4, tó wà lókè ibi tí ọpọlọ ti ń darí ọwọ́, kò sí lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oní-sẹ́ńsọ̀ 14. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Nínú ìwádìí pàápàá, wọ́n máa ń rí bí ènìyàn 15 sí 30 nínú 100 tí ọ̀nà yìí kò gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun ló sì fà á tí mo fi ní kí ìlà O1 àti O2 fẹ̀. Àpótí mẹ́ta á máa ṣẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan ní ìgbà 7.5 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, ọ̀kan ní 10, ọ̀kan ní 12. Èyí tí ẹ bá tẹjú mọ́, ìgbì tó bá iye rẹ̀ dọ́gba á dìde ní ìpàkọ́. Ojú kọ̀ǹpútà oní-60 Hz, tó ń tún àwòrán yà ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ló fà á tí a fi yan iye wọ̀nyẹn: 60 ṣeé pín sí 8, sí 6 àti sí 5 láìṣẹ́kù. Kò nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Kìkì pé ojú máa ń rẹni, ẹni tó ní wárápá tàbí tí ìdílé rẹ̀ ní in kò sì gbọdọ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ má retí eré. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Farwell àti Donchin, fi ọ̀nà mìíràn tó ń lo ìmọ́lẹ̀ kọ lẹ́tà ní 1988, bíi lẹ́tà 2.3 ni wọ́n ń rí ní ìṣẹ́jú kan.

Oní-sẹ́ńsọ̀ kan rọrùn láti dé, ó sì tó fún ojú ṣíṣẹ́. Ọ̀já oní-mẹ́rin dára fún ìsinmi ọkàn. Kò sí èyí tó kan ìpàkọ́ nínú méjèèjì, nítorí náà ọ̀nà kẹta ti bọ́.

Bí ẹ bá ti lò ó tán, ẹ yọ gbogbo fóòmù jáde lọ́jọ́ náà, ẹ fi omi lásán fọ̀ wọ́n, ẹ sá wọn síbi òjìji. Iyọ̀ tó bá sùn sínú sẹ́ńsọ̀ máa ń hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé lára irin rẹ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀sà bíi tiwa tí afẹ́fẹ́ máa ń rin, mo ti rí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ra fóòmù ìpààrọ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí owó aṣọ́bodè ní Kútọnu lè ju owó fóòmù lọ bí ẹ bá tún un rà lọ́tọ̀.

Ẹ tún ka ibi tí áàpù ti sọ ibi tí ìgbì yín ń lọ. Chile fi ààbò ìsọfúnni ọpọlọ sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 2021. Níbí, òfin 2017-20 tó dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni wà, APDP sì ni àjọ tó ń rí sí i. Bí áàpù bá lè gba ìgbì sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí ni kí ẹ yàn.

Bí ó bá jẹ́ pé aláìsàn lẹ fẹ́ rà á fún, ẹ yá ọ̀kan ná, kí ẹ dé e sí orí òun gan-an, lórí irun tó máa ń ṣe. Ẹ ṣe ìdánwò ojú pípadé ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìgbì 8 sí 12 bá jáde ní méjì nínú mẹ́ta, ẹ rà á. Bí kò bá jáde, ẹ ra oní-sẹ́ńsọ̀ kan kí ó máa fi ojú ṣíṣẹ́ tẹ máòsì.