Sáfà mi yá, ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀

Mo tẹ /static../itaja/settings.py sí ìdí àdírẹ́sì ìsọ̀ mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì náà sì wá sílẹ̀ wẹ́rẹ́. SECRET_KEY, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àṣírí ìsọ̀ náà, wà nínú rẹ̀, password dátábéèsì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà náà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni láyé ló lè kà á.

Ilé-iṣẹ́ tí mò ń sanwó fún lóṣooṣù láti bójú tó sáfà, kọ̀ǹpútà tó gbé ìsọ̀ náà dúró, ló kọ ètò nginx tó fa èyí. nginx ni sọ́fítíwíà tó ń kọ́kọ́ gba ìbéèrè gbogbo ẹni tó bá wá sí ìsọ̀ náà. N kò ní dárúkọ wọn.

Àdìrẹ ni mò ń tà láti Abẹ́òkúta, Django, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ìkànnì, ni wọ́n fi kọ ìsọ̀ náà. Oníbàárà kì í ra àdìrẹ tí kò rí, nítorí náà àwòrán pọ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Gunicorn, sọ́fítíwíà tó ń mú Django ṣiṣẹ́, ló ń gbé gbogbo rẹ̀, worker (òṣìṣẹ́ inú rẹ̀) mẹ́ta péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í sì í dá ju ìbéèrè kan lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wo àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ á ti gba gbogbo wọn, ẹni tó fẹ́ sanwó á máa dúró.

Wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún mi. Ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú /static, nginx fúnra rẹ̀ á mú un látorí díìsìkì, kò ní kan Django rárá. Apẹ̀rẹ̀ ọjà, ìwọlé àti owó sísan ló ń lọ sọ́dọ̀ Gunicorn. Wọ́n tún fi expires 30d sí i, ìyẹn kí bùráúsà tọ́jú àwòrán fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí fóònù oníbàárà má baà máa fi dátà wa àwòrán kan náà léraléra. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìsọ̀ mi yá, mo sì ń yìn wọ́n fún un títí dòní.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí:

location /static {
    alias /srv/itaja/static/;
}

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́, kò sí / lẹ́yìn static. Bí àdírẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ni nginx ń wò, nítorí náà /static../ bá a mu. Á gé /static kúrò, á lẹ ìyókù mọ́ ìdí ọ̀nà fódà tí alias dárúkọ, á di /srv/itaja/static/../itaja/settings.py (.. túmọ̀ sí pé kó padà sẹ́yìn fódà kan), ó sì ti jáde nínú fódà tí a fún un nìyẹn. Orange Tsai, ọmọ Taiwan tó ń ṣèwádìí ààbò, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní Black Hat, ìpàdé àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, ní 2018. Ẹni tó ń fi nginx gbowó yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn lórí ṣáàtì ní: "Ẹ má bínú, mà. Ẹ bá wa pa cache bùráúsà yín rẹ́." Mo ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà mi ránṣẹ́. Ó ní: "Kò sẹ́ni tó mọ àdírẹ́sì yẹn, mà, àfi ẹ̀yin." Inú bí mi gan-an. Tọ̀sán-tòru ni àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ń tẹ irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ wò lórí sáfà kárí ayé! Mo ní kó pe ọ̀gá rẹ̀ fún mi. Ó ti ṣáàtì náà, ó kọ síbẹ̀ pé "A ti yanjú ẹ̀."

Mo ṣí òmíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló pè mí lórí fóònù: "Ẹ káàsán, mà. Mo ti dán an wò, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀." Ó fi / sí i, ó ṣe nginx -t láti yẹ ètò náà wò, ó reload kó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní kí n tún tẹ̀ ẹ́. Django dá mi lóhùn pẹ̀lú 404, ìyẹn pé kò rí ohun tí mo béèrè. Ó wá béèrè ohun tí n kò retí: "Ẹ ti pààrọ̀ àwọn kọ́kọ́rọ́ yẹn, mà?" Ó dúró tì mí títí mo fi pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kìlọ̀ ṣáájú pé SECRET_KEY tuntun máa lé gbogbo ẹni tó ti wọlé jáde. Ó fi grep wá static.. nínú lọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ gbogbo àdírẹ́sì tí àwọn èèyàn tẹ̀, tèmi nìkan ló bá. Àmọ́ lọ́ọ̀gì ọjọ́ 14 péré ni wọ́n ń tọ́jú, èyí sì ń dùn mí.

Ọmọ náà gbà pé ètò kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ sáfà àwọn oníbàárà mìíràn, ó ní àwọn á tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, n kò sì ní kó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìkarùn-ún di ọjọ́ tí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí àwọn oníbàárà yòókù pé kí wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ wọn.