Olùkọ́ Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ Tàbí Ọ́fíìsì Ìmọ̀ràn: Ta Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tọ̀ Lọ?

Olùkọ́ tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yàn láti máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn mọ inú ẹ̀kọ́ ẹ̀ka náà dáadáa: òun ló lè sọ kọ́ọ̀sì tó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe kí èyí tó tẹ̀ lé e má baà nira, òun náà ló sì lè kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà jẹ́ kó ráyè. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìmọ̀ràn ní tirẹ̀ mọ òfin ìforúkọsílẹ̀ àti ti yíyí ẹ̀ka padà. Lójú tèmi, ọ́fíìsì ni kí ẹni tí máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ kọ́kọ́ lọ, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yíyọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀ tó kọjá.