Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú oúnjẹ edé tó máa ń rì: ohun tí ojú mi rí

Edé oríṣi méjì ni mò ń tọ́ pọ̀ nínú táńkì onísìmẹ́ǹtì lẹ́bàá ọ̀sà Èpè: edé ọ̀sà, èyí pupa rẹ́súrẹ́sú tí omi iyọ̀ máa ń gbé wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti edé odò ọlọ́wọ́ gígùn. Ọwọ́ àwọn apẹja ni mo ti ra ọmọ wọn. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fún wọn, mo sì jẹ̀bi. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ máa ń léfòó ni, torí ẹja yẹn á wá sókè gbé e mì. Ìsàlẹ̀ omi ni edé ń rìn, ọwọ́ ló fi ń mú oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀ ni á sì máa gé e jẹ. Oúnjẹ mi á máa léfòó kiri bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ebi á máa pa àwọn edé nísàlẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ra oúnjẹ edé gidi yìí. Àpò kílò 20 ni, wọ́n kọ ìdá 38 nínú 100 purotéènì sára rẹ̀, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹja àrọ̀. Ọjọ́ tí mo gbé e dé, mo da ṣíbí kan sínú abọ́ funfun tó ní omi ọ̀sà. Ó rì lójú ẹsẹ̀. Mo lọ jẹun, mo tún sùn díẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn náà, ó ti wú, ó ti rọ̀, àmọ́ ìgbà tí mo fi ọmọ ìka tẹ̀ ẹ́ ló tó tú. Omi rẹ̀ mọ́. Èyí tí èmi fúnra mi gún nílé rí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi di ògì.

Mo yìn wọ́n dé ibẹ̀ yẹn. Ìwé ìtọ́ni tó wà lára àpò ló kó bá mi. Wọ́n ní ká máa fún ọmọ edé ní ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn lójúmọ́, ká pín in sí mẹ́rin ọgbọọgba. Ẹni tó kọ ọ́ kò ro ti ẹni tó ń tọ́ oríṣi méjì pọ̀ rárá. Mo tẹ̀ lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Imú mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ: omi ń rùn, ẹrẹ̀ dúdú ti dì sísàlẹ̀, òkú edé mẹ́tàdínlógún ni mo ṣà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo pe ẹni tó tà á fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, bóyá oúnjẹ ni ò tó wọn, ẹ fi kún un." Mo dúpẹ́, mi ò sì fi kún un.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bíi aago mẹ́sàn-án, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí tiréè tí mo fi àwọ̀n ẹ̀fọn ṣe, èyí tí mo máa ń gbé oúnjẹ wọn sí nísàlẹ̀ omi. Ọlọ́wọ́ gígùn kan ló jókòó sáàárín rẹ̀ bíi baálé tó jókòó ti àwo ọbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń gbá ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Àwọn edé ọ̀sà tò yí i ká, irùngbọ̀n wọn ń mì, wọn ò rí nǹkan kan jẹ. Oúnjẹ pọ̀ o, ẹnì kan ló gbà á.

Tiréè mẹ́rin ni mò ń lò báyìí. Mo máa ń kọ́kọ́ fi ti àwọn ọlọ́wọ́ gígùn sí igun kan, tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tó wọ́n ìyókù yí etí táńkì ká fún àwọn kéékèèké. Alẹ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń lọ, torí òkùnkùn ni edé ń jẹun dáadáa. Tí oúnjẹ bá ṣì kù lórí tiréè lẹ́yìn wákàtí kan ààbọ̀, mo máa ń dín ti ọjọ́ kejì kù. Omi ò rùn mọ́.

Wọ́n ṣì ń jẹ ara wọn ṣá. Edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, ara rẹ̀ á rọ̀, kò lè jà, oúnjẹ ilé iṣẹ́ kankan kò sì lè gbà á sílẹ̀. Páìpù tó ti fọ́ àti imọ̀ ọ̀pẹ tí mo kó sísàlẹ̀ omi, kí wọ́n rí ibi sá pamọ́ sí, ló dín in kù.

Wọ́n tún kọ ọ́ sára àpò pé ọmọ edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin lè jẹ oúnjẹ yìí. Irọ́ ni. Hóró yẹn tóbi jù fún wọn. Artemia, ẹranko omi iyọ̀ tín-ín-tín kan, ni ọmọ edé odò ń jẹ; ẹyin rẹ̀ lè di ọmọ nínú omi iyọ̀ láàárín wákàtí 24.

Àpò oúnjẹ yẹn kò ní náílọ́ọ̀nù nínú. Òjò Èpè wọ àpò kejì mi, ìdajì rẹ̀ bu funfun, mo dà á nù. Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn nínú márùn-ún. Àpò kẹta ni mo wà báyìí, inú kẹ́ẹ̀gì oníderí ni mo dà á sí.