Tọkọtaya onídán, macaw méjì àti odídẹrẹ́ kan: ohun tí ojú wa rí lọ́jọ́ ìbí ọmọ mi

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ẹni tó bá ń kánjú lè dúró síbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ òde àwa Yorùbá lẹ fẹ́ pè wọ́n sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré, àwọn ohun tí mi ò sì béèrè kí n tó san án ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 7 nínú oṣù kẹta. Ilé rọ́bà tí àwọn ọmọdé ń fò lórí ẹ̀ ti sú mi, gbogbo ọmọ kíláàsì ẹ̀ ló ti ṣe é. Ìyá ọmọ kan níléèwé wọn ló sọ fún mi nípa tọkọtaya yìí, ìtòsí Manchester ni wọ́n ń gbé, ẹyẹ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n fi ń pidán. £420 fún wákàtí kan, kí ẹ san £100 sílẹ̀ ṣáájú, ìyẹn kì í sì í padà.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ yọjú ni bí n ó ṣe sọ ọ́ fún Màmá mi, tí wọ́n wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa láti Ìwó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí là ń pe ẹni tó ń sin ẹyẹ, tó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀, tí ẹyẹ ń jíṣẹ́ fún? Ẹlẹ́yẹ ni. Ta ló máa lanu sọ fún ìyá àgbà pé, "Màmá, mo ti sanwó fún ẹlẹ́yẹ méjì, wọ́n ń bọ̀ wá bá ọmọ yín ṣọdún"? Mo pè wọ́n ní onídán, mo sì panu mọ́. Nígbà tí mo wá rí òwìwí nínú fọ́tò àwọn ẹyẹ wọn, mo tẹ̀ wọ́n láago lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ìyẹn sílé. Ìyàwó onídán náà bi mí pé kí ló dé, ṣebí òun làwọn ọmọdé fẹ́ràn jù. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó.

Ní ti ìwé, wọ́n gba káre lọ́wọ́ mi. Láti 2018 ni òfin England ti ní kí ẹni tó bá ń fi ẹranko ṣeré gbowó gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ káńsù, ọdún 3 ló ń lò. Mi ò tiẹ̀ tíì béèrè tí wọ́n fi fi tiwọn ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwé ìnṣọ́ráǹsì, àti ìwé kan lọ́tọ̀ fún odídẹrẹ́ nìkan. Nínú gbogbo ẹyẹ wọn, tilé wa yìí ló níwèé jù. Wọ́n ti kó odídẹrẹ́ tà nínú igbó Áfíríkà débi pé ní 2016, níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti ewéko inú igbó, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fòfin de títa èyí tí wọ́n bá mú nínú igbó kọjá ààlà. Inú àgò níbí ni wọ́n ti bí tiwọn, òrùka wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òfin tiwọn ránṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí bàlúùnù nítòsí ibi tí wọ́n ti máa ṣeré. Fáànù òkè gbọ́dọ̀ wà ní pípa, ìlẹ̀kùn ní títì. Kí ẹnikẹ́ni má fún ẹyẹ ní nǹkan jẹ, pàápàá ṣokoléètì àti píà, torí májèlé ni méjèèjì fún wọn. Gbogbo ìyẹn rọrùn. Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé páànù dúdú tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́ kaná nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn. Bí irú páànù bẹ́ẹ̀ bá gbóná jù, nǹkan kan máa ń jáde lára ọ̀dà ẹ̀ tí imú èèyàn ò ní gbọ́, àmọ́ tí ẹyẹ bá fà á símú, ó lè kú kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ̀dọ̀fóró ẹyẹ kò gba gbẹ̀rẹ́.

Ta wá ni ó sọ fún àbúrò ìyá mi, tó ti gbé páànù méjì wá láti fi dín dòdò? Èmi náà ni. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Nítorí ẹyẹ?" Mo ní nítorí ẹyẹ. Ó ní òun ti dín dòdò lójú àwọn ọba rí o, kò sẹ́yẹ tó kú. Ìkòkò alúmíníọ́mù la padà fi dín in, ó sì ń bínú títí a fi gé kéèkì.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ yọ ìràwọ̀ kan, ọ̀rọ̀ àkókò ni, mo sì mọ̀ pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ìwé ìpè wa sọ pé agogo 2. Àwọn tọkọtaya yìí ti dé láti 12:30. Wọ́n to òpó tí àwọn ẹyẹ máa bà lé, wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹyẹ wo yàrá náà jẹ́ẹ́. Eré máa bẹ̀rẹ̀ ní 2:30. Nígbà tó di 2:30, ọmọ mẹ́sàn-án ló wà níjòókòó, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n kọ̀. Mo fi £50 kún un. Wọ́n tún kọ̀, wọ́n ní ẹyẹ ò mọ owó. Àárọ̀ ni wọ́n ti gbé ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n, tí wọ́n sì ti wo oúnjẹ tó máa jẹ kó tó débi iṣẹ́. Tó bá yó jù, kò ní dáhùn. Tí ebi bá sì pa á jù, ìwà ìkà nìyẹn, wọn ò ní ṣe é. Mo gbọ́, ó yé mi. Àmọ́ èèyàn tó ń ṣeré fún ogunlọ́gọ̀ yẹ kó ti sọ èyí fún mi nígbà tó ń gba £100.

Bí ilé ṣe kún ní agogo mẹ́ta kọjá, macaw ti ṣe tiẹ̀ tán. Ẹ ò mọ ohun tó fò ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹ́ dé yẹn! Méjì ni wọ́n, ẹ̀yìn aláwọ̀ búlúù, àyà bíi góòlù, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù nirú wọn ti wá. Tí wọ́n bá na ìyẹ́ wọn, ó lé ní mítà kan. Ìyàwó dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn, ọkọ wà lórí pèpéle, àwọn ẹyẹ náà sì ń fò láàárín wọn, wọ́n ń gba inú òrùka kọjá, wọ́n rẹlẹ̀ débi pé atẹ́gùn ìyẹ́ wọn gbọn gèlè lórí Màmá. Lẹ́yìn náà ni ọkọ da aṣọ bo ọ̀kan, tó ká aṣọ, tí kò sẹ́yẹ níbẹ̀ mọ́, tí a sì gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́yìn wa.

Màmá ò sọ̀rọ̀ títí di ìgbà yẹn. Wọ́n wá fà mí létí. "Peller náà, ìyàwó ẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é." Professor Peller ni wọ́n ń wí, ọmọ Ìṣẹ́yìn tí wọ́n pa ní 1997, òun àti Lady Peller. Màmá ti wò wọ́n lójúkojú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Wọ́n ní: "Ẹni tó bá máa fi ẹlòmíràn pidán, ìyàwó ẹ̀ ni kó fi ṣe é. Ẹlòmíràn á tú àṣírí."

Èmi ò tiẹ̀ rò pé idán yẹn ṣòroó tú. Ọkọ ló ń sọ̀rọ̀, ìyàwó ló ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ bá fẹnu ṣàwàdà, ẹ wo ọwọ́ obìnrin yẹn. Níbi tí wọ́n ti ní kí odídẹrẹ́ ṣe ìṣirò, tí ó ń fi agogo dáhùn 3 + 4, ẹyẹ náà kò ka nǹkan kan. Ìyàwó ló ń gbé ẹ̀jìká díẹ̀, ẹyẹ á sì dáwọ́ agogo dúró. Apá yẹn kò dùn mọ́ mi, torí odídẹrẹ́ gidi lè ṣe ju ìyẹn lọ. Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Irene Pepperberg kọ́ ní Amẹ́ríkà, títí ó fi kú ní 2007, mọ àwọ̀, ó sì mọ iye nǹkan láìsí pé ẹnikẹ́ni gbéjìká fún un.

Cockatoo ló wá dá ìjà sílẹ̀. Ẹyẹ funfun ni, tínú bá dùn sí i, ìyẹ́ orí ẹ̀ á dìde bíi gèlè ọjọ́ ìgbéyàwó. Eré tiẹ̀ ni pé kí ẹnì kan na owó sókè, kí ẹyẹ fò wá gbà á, kó gbé e fún ọkọ, ọkọ á fún un ní èso sunflower kan, ẹyẹ á sì dá owó padà fún ẹni tó ni ín. Ọkọ ní òun ń wá ẹnì kan péré.

Ẹnì kan péré, lóde Yorùbá!

Àbúrò bàbá ọmọ mi na £10. Ẹyẹ gbà á. Ilé pariwo. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ na £20. Kó tó di pé a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, èèyàn bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti dìde, wọ́n ń náwó fún ẹyẹ, DJ sì ti yí orin padà sí fújì. Cockatoo ń gbà á, ó ń gbé e lọ, ó ń gba èso ẹ̀, ó ń padà. Bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí nìyẹn: owó kan, èso kan. Nígbà tí èso tán lápò ọkọ, ẹyẹ náà bà lé orí òpó, ó di £5 kan mú lẹ́sẹ̀, ó wo ọkọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya owó náà wẹ́wẹ́.

Mi ò rí ibi tí àwọn èèyàn wa ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Tọkọtaya náà kò bínú. Ìyàwó wá, kò já owó gbà, ó kàn na igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i. Ẹyẹ fi ẹnu kan orí igi, ó ju owó sílẹ̀, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ẹ̀. Ohun tó dára jù nínú gbogbo ọjọ́ nìyẹn fún mi, kì í ṣe idán rárá. Lẹ́yìn eré ni ó ṣàlàyé fún mi pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ ẹyẹ ni kó fẹnu kan orí igi yẹn, kó sì gba èrè. Látibẹ̀ ni gbogbo ìyókù ti ń jáde. Wọn kì í lu ẹyẹ. Ẹyẹ tí wọ́n bá lù á rántí, macaw sì lè lò ju 50 ọdún lọ. Cockatoo kò ṣe nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà mọ́. Wọ́n gbé e sínú àgò, wọ́n sì dá gbogbo owó padà, títí kan £5 tó ya, wọ́n fi tiwọn rọ́pò ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ kọ agogo 12 sínú ìwé ìpè tó bá jẹ́ agogo 2 lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì kìlọ̀ fún alága ìdúró pé ẹnì kan péré ni kó náwó fún ẹyẹ.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀mọ́ ni Màmá lọ bá odídẹrẹ́. Wọ́n ní, "Ìwó Olódò Ọbà, ọmọ olódídẹrẹ́." Ẹyẹ náà yí orí, ó fọn fèrè bíi fóònù. Ìyẹ́ pupa kan wà nílẹ̀ àgò, Màmá sì ní kí n bá àwọn tọrọ ẹ̀. Ìyàwó fún wọn, ó ní kí wọ́n má ṣe gbé e gba pápákọ̀ òfurufú o, òfin kan náà tó de ẹyẹ ló de ìyẹ́ ẹ̀. Ìkóódẹ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi báyìí, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì pè láti Ìwó ni wọ́n ń béèrè ẹ̀.