Afárá Onípákó Àwọn Obìnrin Gazi: Àyẹ̀wò Ibi Tí Owó Òkun Ti Ń Dé Ọwọ́ Ará Abúlé

Ní etíkun gúúsù orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, ní nǹkan bíi kìlómítà 50 sí ìlú Mombasa, ni abúlé Gazi wà, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ti ń mú àlejò rìn lórí afárá onípákó gba àárín igbó ẹ̀gbà (mangrove, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀ létí òkun) kọjá. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ohun tó jẹ mí lógún jù níbẹ̀ ni ẹni tí owó ń dé ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti sọ pé àwọn ń dáàbò bo òkun, apẹja àti obìnrin tó ń ṣa ìṣáwùrú ni wọ́n kọ́kọ́ ń lé kúrò létí omi.

Afárá náà tó nǹkan bíi mítà 300. Bí omi bá ti fà, gbòǹgbò ẹ̀gbà a hàn gbangba, wọ́n a tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìka ọwọ́ tó di nǹkan mú, àwọn akàn a sì máa sá wọ ihò wọn bí ẹsẹ̀ bá ti kan pákó. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ìlàjẹ yóò dá igi náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ abúlé ni obìnrin tó mú wa rìn, ó sì mọ èyí tó dára fún òpó ilé àti èyí tó dára fún ọkọ̀ ojú omi, ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé pẹlẹbẹ kankan tí wọ́n ń fún àlejò. Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n gé igbó yìí lọ bẹẹrẹ láti fi ṣe igi ìdáná fún ilé-iṣẹ́. Àwọn ará abúlé wà lára àwọn tó padà gbìn ín.

Láti ọdún 2013 ni ètò Mikoko Pamoja ti ń ta kírẹ́díìtì kábọ̀n, ìyẹn ẹ̀rí gáàsì kábọ́n-dàì-ọ́ksáìdì tó ń mú ayé gbóná tí hẹ́kítà 117 nínú igbó náà ń fà mọ́ra, tó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3,000 lọ́dún, fún àwọn oníbàárà tí púpọ̀ wọn wà lókè òkun. Ìlànà Plan Vivo, àjọ tó ń fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé sọ pé, ó kéré tán, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ará ìlú. Àwọn ènìyàn Gazi àti Makongeni, abúlé kejì tó wà nínú ètò náà, fúnra wọn ló ń jókòó pinnu ohun tí wọn yóò fi í ṣe, omi ẹ̀rọ àti ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé sì wà lára ohun tí wọ́n yàn. Èyí gan-an ni mo ń pè ní ìdájọ́ òdodo.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ kúrò kò kan àwọn obìnrin yìí rárá. Nǹkan bíi dọ́là 12,000 lọ́dún, tí a gbọ́ pé ó ń wọlé nígbà ìbẹ̀rẹ̀ ètò náà, kéré jọjọ fún odidi abúlé méjì, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó fi igi gígé sílẹ̀ ń ru ẹrù rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ń gbin igi casuarina kí àwọn ènìyàn lè rí òpó àti igi ìdáná, ṣùgbọ́n igi kì í dàgbà lọ́sàn-án kan. Ìjọba ló ṣì ni igbó, àdéhùn ni àwọn ará abúlé fi ń ṣàkóso rẹ̀, àwọn tó ń ra kábọ̀n sì ń ra á ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá lágbára láti rà á gbọ́dọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ń ti Diani, ìlú ìgbafẹ́ etíkun tó wà nítòsí, bọ̀ kí ó kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí omi yóò fà, kí ó sì ránṣẹ́ ṣáájú pé òun yóò jẹun, nítorí pé àwọn obìnrin náà ń se ìrẹsì àti ẹja elépo àgbọn tó dùn gan-an. Kí ó san owó rẹ̀ fún wọn níbẹ̀.